Omíyalé lábẹ́ igbó: ohun tí rádà inú bàálù rí lẹ́yìn ìjì Florence

Akin_Máàpù

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará.

Ẹnì kan kọ ọ́ sí abala àwòrán níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé àwòrán rádà ò le rárá: ibi tó bá ti dúdú, omi ni, ibi tó bá ti mọ́lẹ̀, ilẹ̀ gbígbẹ ni, kéèyàn ṣáà fi ìlà yí gbogbo ibi dúdú ká, iṣẹ́ ti parí. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ẹni tó bá ya máàpù omíyalé lọ́nà yẹn á fo odidi agbègbè tí omi ti gbà, á sì kọ ọ́ sí i pé ibẹ̀ gbẹ. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ ojú omi lọ dóòlà ẹ̀mí ló sì máa tẹ̀ lé máàpù ọ̀hún.

Ẹ jẹ́ ká fi ìjì Florence yẹ̀ ẹ́ wò. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018 ló gúnlẹ̀ sí Wrightsville Beach ní North Carolina, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Nígbà tó fi máa kan ilẹ̀, agbára atẹ́gùn rẹ̀ ti wálẹ̀ sí ìpele kìíní. Bẹ́ẹ̀, òjò inú rẹ̀ ló le ju atẹ́gùn rẹ̀ lọ, torí ìjì náà ò tètè kọjá. Ńṣe ló ń fẹsẹ̀ wọ́ lórí ìpínlẹ̀ náà. Ní Elizabethtown, òjò tó rọ̀ tó ínǹṣì 35.93, ìyẹn nǹkan bíi mílímítà 913.

Òjò dá, omi ò dá. Cape Fear, Lumber àti àwọn odò mìíràn ṣì ń kún fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ lẹ́yìn tí ojú ọ̀run ti là, nítorí omi láti òkè ṣì ń ṣàn bọ̀. Láàárín ọjọ́ 18 sí ọjọ́ 23 oṣù yẹn ni àwọn NASA, àjọ òfurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé bàálù tó ru rádà UAVSAR gba orí àwọn odò wọ̀nyí, wọn ò sì fi mọ sí ẹ̀ẹ̀kan.

Ẹ wá wo àwòrán ọ̀hún. Odò fúnra rẹ̀ dúdú, ó tín-ín-rín bí òwú. Àmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, níbi tí igbó irà wà, ó mọ́lẹ̀ gbòò, ó mọ́lẹ̀ ju igbó orí òkè lọ. Ibi tó mọ́lẹ̀ yẹn gan-an ni omi wà. Ibẹ̀ ni omíyalé tó pọ̀ jù wà nínú àwòrán náà, ẹni tó ń wá ibi dúdú ò sì ní rí i láé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi irú àwòrán yìí ṣiṣẹ́, ẹ wá bá wa dá sí i.

Ìyá_Bóláńlé

Ọ̀gbẹ́ni Akin, ẹ ṣeun gan-an. Mi ò kọ́ ẹ̀kọ́ rádà o, ṣùgbọ́n ìtòsí odò Lumber ni mò ń gbé nígbà ìjì yẹn, nítorí náà ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára.

Òótọ́ pọ́ńbélé ni pé òjò dá tí omi ò dá. Oòrùn ti yọ, aládùúgbò wa ti ń sá tìmùtìmù síta, kó tó di pé omi gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ẹ̀yìn ilé wa, igbó ni. Ẹnikẹ́ni ò rí i pé ó ń bọ̀, torí pé abẹ́ igi ló ń gbà bọ̀, jẹ́jẹ́, láìpariwo. Máàpù tí wọ́n gbé síta lọ́jọ́ yẹn sọ pé àdúgbò wa gbẹ.

Ìbéèrè méjì ni mo ní. Nígbà tí oòrùn ti yọ, kí ló dé tí wọn ò kàn fi kámẹ́rà ya ilẹ̀ láti òkè? Ìkejì, ṣé rádà yẹn lè rí omi tó wà ní òpópónà láàárín ilé sí ilé?

Ṣẹ́gun_Òfurufú

Ìyá wa, ẹ kú àfaradà o. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ n mú ti kámẹ́rà ná. Oṣù Kẹsàn-án ni, ewé ṣì wà lórí igi. Orí ewé ni kámẹ́rà máa yà, ewé ò sì yí àwọ̀ padà nítorí pé omi wà ní ìdí igi. Bí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run, tàbí tílẹ̀ bá ṣú, kámẹ́rà ò rí nǹkan kan. Rádà ní tirẹ̀ kì í dúró de oòrùn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń rán ìgbì rédíò sílẹ̀, òun náà ló ń gba èyí tó bá padà wá. Ìkùukùu kì í dí i lọ́nà, òru ò sì ní kó má ríran.

Ohun tó yẹ kéèyàn mọ̀ ni pé rádà yìí kì í wo ìsàlẹ̀ gan-an. Ẹ̀gbẹ́ ló ń wò. Ìgbì náà ń lọ ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Ẹ rò ó bí bọ́ọ̀lù téèyàn jù ní ìdàgẹ̀rẹ̀ sí ilẹ̀ tó dán: iwájú ló máa ta lọ, kò ní padà sọ́dọ̀ ẹni tó jù ú. Omi tó dákẹ́ rọ́rọ́ nìyẹn, ìdí tó fi dúdú nínú àwòrán nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ògiri bá wà níbi tí bọ́ọ̀lù náà ti bà, á ta lára ilẹ̀, á ta lára ògiri, á sì padà sọ́wọ́ ẹni tó jù ú. Ìdí igi tó dúró gbọnrangandan sínú omi ni ògiri yẹn. Omi ni ilẹ̀ dídán. Ìgbì bá omi, ó bá igi, ó padà tagbáratagbára sí bàálù. Ohun tó ń jẹ́ kí igbó tí omi wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ nìyẹn. Bí omi ò bá sí, ewé gbígbẹ, gbòǹgbò àti erùpẹ̀ ni ìgbì máa bá nílẹ̀, á sì fọ́n káàkiri, ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa padà.

Kí ìgbì tó lè ṣe gbogbo èyí, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àárín ewé kọjá. Ibẹ̀ ni gígùn ìgbì ti ṣe pàtàkì. Ti UAVSAR jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 23.8. Ewé kékeré ò lè dá ìgbì tó gùn tó bẹ́ẹ̀ dúró, igi ńlá ló máa ń kọlù.

Ní ti ẹ̀rọ náà: iléeṣẹ́ JPL tí í ṣe ti NASA, ní Pasadena, ìpínlẹ̀ California, ló ṣe é. Inú àpótí gígùn kan tí wọ́n so mọ́ abẹ́ ikùn bàálù Gulfstream III ló wà. Bàálù yẹn ń fò ní nǹkan bíi kìlómítà 12.5 sókè, àwòrán rẹ̀ sì fẹ̀ tó nǹkan bí ogún kìlómítà ní ìbú. Wọ́n ṣe ohun tó ń darí bàálù náà débi pé ó lè tún gba ojú ọ̀nà tó gbà tẹ́lẹ̀ láìyà kúrò ju mítà márùn-ún lọ. Èmi tí mo ti bá bàálù ṣiṣẹ́ rí, mo mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá nìyẹn, pàápàá bí atẹ́gùn bá ń fẹ́.

Áńtẹ́nà tó ń gba ìgbì náà ò gùn púpọ̀, síbẹ̀ àwòrán rẹ̀ fínnífínní dé ìwọ̀n mítà méjì, ó tilẹ̀ dín. Ìdí ni pé bí bàálù ṣe ń lọ, wọ́n ń kó gbogbo ìgbì tó padà láti ojú ọ̀nà pọ̀, kọ̀ǹpútà á wá ṣe é bíi pé áńtẹ́nà kan tó gùn lọ salalu ló gbà wọ́n. Carl Wiley tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ Goodyear ló kọ́kọ́ ronú ọgbọ́n yìí jáde ní 1951.

Èmi á padà wá sórí ọ̀rọ̀ òpópónà.

Ayọ̀_S1

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, mo ní àtakò díẹ̀. Kí la fẹ́ fi bàálù ṣe nígbà tí Sentinel-1, àwọn sátẹ́láìtì rádà ti ilẹ̀ Yúróòpù, wà? Ọ̀fẹ́ ni àwòrán rẹ̀. Gbogbo ayé ló ń yà. Ọdún 2014 ni wọ́n rán èkíní lọ, wọ́n rán ìkejì ní 2016, nítorí náà méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́ nígbà ìjì Florence. Bàálù gbọ́dọ̀ rí epo, awakọ̀, pápákọ̀ tí omi ò bò, àti àṣẹ láti fò. Sátẹ́láìtì kì í béèrè ìkankan nínú wọn.

Akin_Máàpù

Ayọ̀, àtakò rẹ mọ́gbọ́n dání, mi ò ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ máàpù omíyalé tí mò ń ṣe, Sentinel-1 ni mo fi ń ṣe é.

Àmọ́ wo nǹkan méjì yìí. Ìgbì Sentinel-1 jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5.6. Nínú igbó tí ewé rẹ̀ kí, orí ewé ni púpọ̀ nínú rẹ̀ máa parí sí. Ó máa ń rí omi abẹ́ igi nígbà tí igi bá ti wọ́wé, tàbí níbi tí igi ò bá sún mọ́ra, ṣùgbọ́n mi ò lè gbé ara lé e nínú igbó irà Lumber ní oṣù Kẹsàn-án.

Ìkejì ni àkókò. Sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan ń padà sójú ọ̀nà kan náà lẹ́yìn ọjọ́ 12. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì, ọjọ́ mẹ́fà. Láàárín ọjọ́ mẹ́fà, odò lè kún dé góńgó kó sì ti máa fà. Wákàtí tó bá wù ú kọ́ ni sátẹ́láìtì ń kọjá, kò sì lè yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Bàálù lè fò lónìí, kó tún fò lọ́la, kó sì yan ẹ̀gbẹ́ tó fẹ́ wò. Bí àwòrán ọjọ́ kan ṣe tẹ̀ lé òmíràn lẹ́yìn Florence, èèyàn lè rí i bí omi ṣe ń kúrò ní òkè odò tó ń rọ́ lọ sí ìsàlẹ̀.

Níbi tí ọwọ́ bàálù ò tó, mo gbà pẹ̀lú rẹ. Kò lè fò nígbà tí ìjì ṣì ń jà. Ogún kìlómítà ni ìbú àwòrán rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ti Sentinel-1 tó 250. Èyí tó dùn mí jù ni pé lọ́pọ̀ ibi, kò sí àwòrán tí bàálù kan náà yà ṣáájú ìjì. Sátẹ́láìtì ní ti ṣáájú, ó ní ti ẹ̀yìn.

Fọláṣadé_R

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo yín. Mo fẹ́ fi ohun kan kún ti Akin, torí ó máa ń ṣi èèyàn lọ́nà gan-an: ibì kan náà lè yí àwọ̀ padà lẹ́ẹ̀mejì bí omi bá ń gòkè.

Ẹ mú ilẹ̀ tí koríko gíga wà, tàbí igi kékeré. Kí omi tó dé, àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín. Bí omi bá dé ìdajì koríko náà, ó mọ́lẹ̀, nítorí ohun tí Ṣẹ́gun ṣàlàyé. Bí omi bá wá bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá, kò sí ohun tó dúró mọ́, omi lásán ló kù, ó sì dúdú. Ẹni tó bá ní àwòrán ọjọ́ kan ṣoṣo lè rí ibi tó mọ́lẹ̀ kó rò pé omi ibẹ̀ ti ń fà, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé ńṣe ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè.

UAVSAR ń rán ìgbì ní ìnàró àti ní ìbú, ó sì ń gbà á ní ọ̀nà méjèèjì, ìyẹn ni ẹ fi ń rí HH, VV, HV (H ni ìbú, V ni ìnàró; lẹ́tà kan fún rírán, èkejì fún gbígbà). Fún omi abẹ́ igi, HH ni ọ̀rẹ́ yín. HV ń sọ ti ewé àti ẹ̀ka. Bí HH bá fò sókè tí HV ò sì yí padà, ewé ò pọ̀ sí i nìyẹn, nǹkan ló ṣẹlẹ̀ ní ìdí igi. Èmi kì í wo HH láì gbé HV sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ sì ṣọ́ra fún atẹ́gùn. Omi gbalasa tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí máa ń ru, ìrugùdù yẹn á dá ìgbì díẹ̀ padà, omi ò sì ní dúdú tó bó ṣe yẹ. Ìgbì kúkúrú ló ń fara gbá èyí jù, ṣùgbọ́n ìgbì gígùn náà ò bọ́ níbẹ̀ pátápátá.

Ìyá_Bóláńlé

Aunty Fọláṣadé, ẹ ṣé, ó yé mi. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí òpópónà o.

Ṣẹ́gun_Òfurufú

Ẹ má bínú, Ìyá wa. Mo fẹ́ fara balẹ̀ dáhùn rẹ̀ ni, torí ibẹ̀ ló le jù.

Ní ìlú, ilé ti jẹ́ ògiri fúnra rẹ̀. Kó tó di pé òjò rọ̀ rárá, ìgbì ń ta láti ilẹ̀ lọ bá ògiri, ó ń padà, gbogbo ìlú sì ti mọ́lẹ̀. Bí omi bá dé, ó lè mọ́lẹ̀ sí i díẹ̀, ṣùgbọ́n kéèyàn tó rí ìyàtọ̀, ó gbọ́dọ̀ ní àwòrán ti ṣáájú. Ìyẹn nìkan kọ́. Òpópónà tóóró láàárín ilé gíga máa ń wà nínú òjìji, ìgbì ò tilẹ̀ dé ibẹ̀. Ibi tí ògiri bá ti kọjú sí ọ̀nà tí bàálù gbà, ó máa ń mọ́lẹ̀ gan-an. Tí àdúgbò bá dagun sí i, kì í mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, bí omi tiẹ̀ dọ́gba ní ibi méjèèjì.

Wọ́n fojú rí èyí ní Houston ní 2017. Ìjì Harvey gúnlẹ̀ sí ìtòsí Rockport ní Texas lọ́jọ́ 25 oṣù Kẹjọ, ó sì lọ́ra bíi ti Florence. Òjò tó rọ̀ ní Nederland tó ínǹṣì 60.58. UAVSAR fò níbẹ̀ náà. Pápá gbalasa àti bèbè odò hàn kedere. Àárín àdúgbò ilé gbígbé ni iyàn wà.

Nítorí náà, ìdáhùn mi rèé: òpópónà tó fẹ̀, tí ilé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ò ga, ó ṣeé ṣe. Ẹ̀yìnkùlé tí igi pọ̀ sí bíi tiyín, ó ṣeé ṣe dáadáa, ìgbì gígùn gan-an ló lè rí i. Àárín ilé tó há mọ́ra, mi ò ní fọwọ́ sọ̀yà fún yín lórí àwòrán ọjọ́ kan.

Ìyá_Bóláńlé

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ohun tí mo rí lẹ́yìn tí omi fà ni ìlà kan lára ògiri, ó tẹ́jú bíi pé wọ́n fi rúlà fà á. Pàǹtírí wẹ́wẹ́ àti ẹrẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ ọn, ó ga dé orúnkún mi, ìlà kan náà sì wà lára gbogbo igi ẹ̀yìn ilé. Ṣé irú ìlà yẹn wúlò fún iṣẹ́ yín?

Fọláṣadé_R

Ó wúlò ju wúlò lọ, Ìyá wa! Àwọn òṣìṣẹ́ USGS, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣàyẹ̀wò ilẹ̀ àti omi, máa ń jáde lẹ́yìn omíyalé láti wọn irú ìlà bẹ́ẹ̀ lára ilé àti igi kí òjò mìíràn tó fọ̀ ọ́ dànù. Àwa tó ń ya máàpù ń fi í yẹ ara wa wò. Ohun kan tẹ́ ẹ máa fi sọ́kàn ni pé ìlà yẹn ń sọ ibi gíga jù tí omi dé. Àwòrán ń sọ ibi tí omi wà ní wákàtí tí bàálù kọjá. Méjèèjì lè yàtọ̀ síra láìjẹ́ pé ìkankan parọ́.

Ayọ̀_S1

Ẹ̀gbọ́n Fọláṣadé, mo fẹ́ fojú ara mi rí i. Níbo ni mo ti lè gba àwòrán Florence yẹn, ibo ni kí n sì ti bẹ̀rẹ̀?

Fọláṣadé_R

Àbúrò mi, ojú òpó Alaska Satellite Facility ni wọ́n kó wọn sí, ọ̀fẹ́ ni, kàn forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Earthdata ti NASA. Wá UAVSAR, fi ọjọ́ inú oṣù Kẹsàn-án 2018 há a mọ́, mú ojú ọ̀nà kan tó gba orí odò. Gba fáìlì GRD, èyí tí wọ́n ti tẹ́ sórí máàpù, kó o má bàa fi ọ̀sẹ̀ kan jà pẹ̀lú títẹ́ rẹ̀. Fáìlì náà tóbi o, ṣàyè sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà rẹ.

Ohun tó o máa kọ́kọ́ rí ni pé apá kan àwòrán mọ́lẹ̀ ju apá kejì lọ láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́. Omi kọ́ nìyẹn. Nítorí pé bàálù ò ga bíi sátẹ́láìtì, ìdàgẹ̀rẹ̀ ìgbì yí padà gan-an, láti nǹkan bíi dígírì 25 ní ìtòsí dé 65 ní ọ̀nà jíjìn. Ibi tó jìnnà máa ń dúdú sí i. Ẹni tó bá fi iye ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo gé gbogbo àwòrán láti ya omi sọ́tọ̀ á pe igbó gbígbẹ ní omi ní ẹ̀gbẹ́ kan, á sì pe omi ní igbó ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Pín in sí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kó o tó gé e, tàbí kó o kọ́kọ́ ṣàtúnṣe ìdàgẹ̀rẹ̀ náà.

Wàá rí èérún dúdú àti funfun tó wọ́n sórí gbogbo rẹ̀ bí iyọ̀. Ìwà rádà nìyẹn. Fi asẹ́ kọ̀ǹpútà díẹ̀ tù ú lójú, má ṣe é jù, kó má bàa nu odò tóóró nù. Bó o bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ wá iye tó máa fi gé e, ọgbọ́n Otsu dára, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí omi àti ilẹ̀ ti pọ̀ tó ara wọn. Tó o bá fún un ní àwòrán tí omi inú rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kán, yóò pín ilẹ̀ sí méjì fún ọ, á sì pe ọ̀kan nínú wọn ní omi.

Lẹ́yìn náà, fọwọ́ ara rẹ yẹ gbogbo ibi dúdú wò. Pápákọ̀ òfurufú dúdú. Títì ọlọ́dà dúdú. Oko tí wọ́n ti kórè tí wọ́n sì ti tẹ́jú, dúdú ni. Gbé máàpù gíga ilẹ̀ sábẹ́ rẹ̀: ohun tó bá dúdú ní orí òkè, tí odò kankan ò sún mọ́ ọn, ó ṣòro kó jẹ́ omíyalé.

Kọ́lá_Ìgbì

Ẹ ò tíì dárúkọ NISAR. Wọ́n rán an lọ láti Íńdíà lọ́jọ́ 30 oṣù Keje 2025, NASA àti àwọn ará Íńdíà ló jọ ṣe é, ìgbì rẹ̀ kan sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 24. Ìgbì bíi ti UAVSAR, láti ojú sánmà, lórí gbogbo ilẹ̀ ayé. Ṣé bàálù ò ti fẹ̀yìn tì báyìí?

Akin_Máàpù

Inú mi dùn sí NISAR ju bí mo ṣe lè sọ lọ, Kọ́lá. Ohun tó dùn mí lókè yẹn, àìsí àwòrán ṣáájú ìjì, òun ló máa yanjú rẹ̀: igbó irà kọ̀ọ̀kan á ti ní àwòrán ìgbà gbígbẹ nípamọ́. Síbẹ̀ ọjọ́ 12 ló ń fi padà sójú ọ̀nà kan náà. Odò tó ń kún lónìí kì í dúró dè é. Mo ṣì fẹ́ kí bàálù wà nílẹ̀, kó gbéra bí ojú ọ̀run bá ti là.

Ayọ̀_S1

Mo ti gba ti ọjọ́ 18! Lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, HH mọ́lẹ̀ gbòò ní ọ̀já fífẹ̀ kan, HV ò mọ́lẹ̀ níbẹ̀ rárá. Ṣé òun nìyẹn?

Fọláṣadé_R

Ó jọ ọ́ gan-an. Má tíì fi ìlà yí i ká. Gba ti ọjọ́ 23 lójú ọ̀nà kan náà, kó o sì wo iye gíga omi tí òṣùwọ̀n USGS tó sún mọ́ ibẹ̀ jù kọ sílẹ̀ fún ọjọ́ méjèèjì. Bí ọ̀já yẹn bá fẹ̀ nígbà tí òṣùwọ̀n gòkè, tó sì sún kì nígbà tó wálẹ̀, omi ni. Bí kò bá yí padà rárá, ó lè jẹ́ irà tó máa ń ní omi lábẹ́ ní gbogbo ọdún, ìyẹn kì í ṣe omíyalé. Gbé méjèèjì síbí ká jọ wò ó.